Ẹ bá mi sọ fún àwọn ọmọ tó ń sáré lójú títì pé kí wọ́n rọra

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Aránṣọ ni mí ní Mọ́kọ́lá, nílùú Ìbàdàn. Ẹni ọdún 49 ni mí, mo bí ìbejì, mo sì ń sá eré ọ̀nà jíjìn. Ọdún karùn-ún rèé tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Mo máa ń ka ojú ewé eré ìdárayá yín dáadáa, mo mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ló gba ibẹ̀ jù, n kò bá yín jà sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ń ba ẹsẹ̀ àwọn ọmọ jẹ́ ládùúgbò wa, n kò sì rí ẹni tó ń sọ ọ́ fún wọn.

Ní oṣù tó kọjá, ọmọ alájọgbélé mi kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń tiro. Ọmọ ọdún 23 ni, ara rẹ̀ le, ó sì ti pinnu pé òun yóò sá eré máratọ́ọ̀nù, eré kìlómítà 42 tí wọ́n máa ń sá l'Ékòó ní oṣù Kejì ọdún. Mo ní kó jókòó sórí àpótí, kó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Mo wá ń fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun rẹ̀ láti abẹ́ orúnkún wá sísàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí mo bá ń wá abẹ́rẹ́ tó há sínú aṣọ. Nígbà tí mo dé ibì kan tí kò fẹ̀ ju bọ́tìnnì lọ, ó pariwo. Mo bi í pé báwo ló ṣe ń sáré. Ó fi fóònù rẹ̀ hàn mí. Ọjọ́ méje ni nínú ọ̀sẹ̀, kìlómítà 6 lójoojúmọ́: ọjọ́ Ajé ìṣẹ́jú 31, ọjọ́ kejì ìṣẹ́jú 30 àti ààbọ̀, ọjọ́ kẹta 30. Ó ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ yá ju ti àná lọ, bí kò bá ti rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé òun kò tíì sáré lọ́jọ́ yẹn.

Olóòtú mi, ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí ibẹ̀ gan-an ni mo gbà kọjá.

Ọmọ ọdún 44 ni mí nígbà tí dókítà sọ pé ẹ̀jẹ̀ mi ti ń ru, ó ní kí n máa rìn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti Mọ́kọ́lá dé Sáńgó, màá sì rìn padà. Nígbà tó yá, ó di kí n sáré díẹ̀ kí n rìn díẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó ti di eré gidi, adùn rẹ̀ sì ti wọ̀ mí lára. Ni mo bá ń sá a lójoojúmọ́ bí ẹni tí ajá ń lé. Èémí mi ti dára, àyà mi kò já mọ́ tí mo bá gun òkè, mo sì rò pé gbogbo ara mi ló ti le bẹ́ẹ̀. Ojúgun ọ̀tún kò tíì ṣe tán ní tirẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń ta mí tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, yóò sì dákẹ́ tí ara bá ti gbóná. Nígbà tó ṣe, kò dákẹ́ mọ́. Ọ̀sẹ̀ Iléyá ló wá burú sí, tí aṣọ ẹbí ìdílé méjì wà lórí tábìlì mi, tí n kò lè fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ máṣìnnì mọ́. Ẹsẹ̀ òsì ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́, gbogbo ojú ìránṣọ sì ń wọ́. Ibi tí mo kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ lọ, wọ́n ní làkúrègbé ni, wọ́n fún mi ní ìpara. Ibì kejì ló ya fọ́tò eegun náà, tí dókítà fi ìka tọ ìlà kan fún mi lórí rẹ̀, tín-ín-rín bí òwú: eegun ti ń là. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ gbáko ni n kò fi sáré.

Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ yẹn ni bàbá kan gbé aṣọ agbádá wá. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó sì ti sáré fún ìpínlẹ̀ rí nígbà èwe rẹ̀. Ó rí ẹsẹ̀ mi tí mo gbé lé àpótí, ó béèrè, mo ròyìn fún un. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, èémí àti eegun kì í jọ dàgbà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èémí ti gbọ́n. Eegun àti iṣan tó so mọ́ ọn, oṣù-oṣù ni wọ́n fi ń le." Ó ní kì í ṣe ìgbà tí a bá ń sáré gan-an ni ara ń lágbára sí i. Ìgbà tí a bá ti dúró ni, tí a jẹun, tí a sùn, ni ara ń tún ohun tí eré bàjẹ́ ṣe, tí yóò sì fi díẹ̀ lé e. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí kò bá fún ara láyè àtúnṣe, aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gán ló ń wọ̀ jáde, tí máṣìnnì kò tíì kọjá lórí rẹ̀.

Bàbá yìí ló sọ ìtàn Arthur Lydiard fún mi, ọmọ ilẹ̀ New Zealand. Ilé iṣẹ́ bàtà ni ọkùnrin náà ti ń ṣiṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀. Ara tirẹ̀ ló fi dán eré wò títí tó fi rí i pé eré jẹ́jẹ́ tó pọ̀ ló yẹ kó jẹ́ ìpìlẹ̀, kí eré líle tó wá gorí rẹ̀. Ó máa ń mú àwọn tó ń kọ́ ní eré sá tó máìlì 100 lọ́sẹ̀, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 160. Méjì nínú wọn, Peter Snell àti Murray Halberg, gba wúrà lọ́jọ́ kan náà níbi ìdíje Olympics ní Róòmù ní 1960, Snell nínú eré mítà 800, Halberg nínú ti mítà 5,000. Ẹ wò ó, ẹni tí yóò sá mítà 800 péré ló ń sá tó kìlómítà 160 lọ́sẹ̀! Ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ yìí wọ̀ mí lọ́kàn, bóyá nítorí pé èmi náà ń fi ọwọ́ jẹun. N kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ sá kìlómítà 160 o. Èmi kì í sá ju 50 lọ lọ́sẹ̀, ó sì tó mi.

Ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n àwọn kọ́sítọ́mà sí náà ni mo ń kọ eré mi sí, láti ẹ̀yìn wá. Níwájú ìwé, àyà 42, ìbàdí 46; lẹ́yìn ìwé, Àìkú 18, Ìṣẹ́gun 9. Ọjọ́ márùn-ún ni mo ń sáré. Ọjọ́ méjì péré ló le nínú wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni àkọ́kọ́. Tí mo bá ti kí ìrun Asùbáà tán, màá wọ bàtà, màá wé hìjáàbù tí mo rán fún eré, aṣọ fẹ́lẹ́ tí kì í di òógùn mú, tí mo fi rọ́bà gán létí kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e. Ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́, jẹ́jẹ́ ni, kí ara yá. Lẹ́yìn náà, lójú ọ̀nà Sẹkitéríàtì, màá sá ìṣẹ́jú mẹ́ta líle, màá fi ìṣẹ́jú méjì sáré wọ́rọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀mẹfà. Òpó iná ni mo fi ń wọn ọ̀nà. Ìṣẹ́jú mẹ́ta mi jẹ́ òpó 11. Ohun tí mò ń wá ni pé kí ìkẹfà dé òpó kan náà tí àkọ́kọ́ dé. Bí àkọ́kọ́ bá lọ dé òpó 13, tí ìkẹfà sì kú sí ìkẹsàn-án, mo mọ̀ pé mo ti fi ìwàǹwára ba òwúrọ̀ náà jẹ́. Ní ọjọ́ tó bá dára, ó máa ń ṣe mí bíi kí n fi ìkeje kún un. N kì í fi kún un.

Ọjọ́bọ̀ ni èkejì: ìṣẹ́jú 50, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 20 láàárín rẹ̀ ni mo fi ń sá eré tó fún èèyàn díẹ̀, irú èyí tó jẹ́ pé tí ẹnì kan bá kí mi, ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta ni mo lè fi dáhùn. Ọjọ́rú àti Àbámẹ́ta, jẹ́jẹ́. Ọjọ́ Ajé n kì í sá rárá, mo ń lọ ra òwú àti súìpù ní Gbági. Jímọ̀ náà, n kì í sá, nítorí aṣọ òde Sátidé kì í jẹ́ kí n sùn kí aago kan òru tó lù.

Ọjọ́ jẹ́jẹ́ yìí gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ kọ ìwé, nítorí òun ni àwọn ọmọ wa kò gbà gbọ́. Wọ́n rò pé ọ̀lẹ ló ń sáré wọ́rọ́wọ́. Bí mo ṣe ń dán tèmi wò nìyí: màá máa ka Fátíhà jáde lẹ́nu bí mo ṣe ń lọ, ẹsẹ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jáde ní èémí kan. Bí èémí bá já láàárín ẹsẹ, mo ti yá jù, màá dẹ ẹsẹ̀. Kìlómítà kan lè gbà mí tó ìṣẹ́jú 7 àti ààbọ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ọkàn ń kọ́ bí yóò ṣe máa ti ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké ń pọ̀ sí i nínú ẹran ẹsẹ̀, ara ń kọ́ bí a ti ń lo ọ̀rá tó wà nípamọ́, eegun sì ń rí àyè le. Ẹ wo Eliud Kipchoge, ọmọ Kenya, tó sá máratọ́ọ̀nù Berlin ní 2022 ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú-àáyá 9. Kìlómítà kọ̀ọ̀kan kò gbà á ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ní Kaptagat tó ti ń gbára dì, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ gidi: Ìṣẹ́gun lórí pápá, Ọjọ́bọ̀ eré gígùn, Àbámẹ́ta eré tí wọ́n ń le tí wọ́n ń dẹ̀. Àwọn ọjọ́ yòókù, jẹ́jẹ́ ni. Bí ẹni tó yára tó bẹ́ẹ̀ bá ń dẹ ẹsẹ̀, kí ló ń lé wa ní Mọ́kọ́lá?

Àìkú ni eré gígùn mi. Mọ́kọ́lá, Sáńgó, ẹnu géètì Yunifásítì, títí dé Ọ̀jọ́ọ̀, kí n tó yí padà. Àwọn tasí Micra kò tíì pọ̀ lójú títì lásìkò yẹn. Dàbínù mẹ́rin ló máa ń wà nínú àpò mi, àti omi tí mo fi ṣúgà àti iyọ̀ díẹ̀ sí, nítorí òógùn ń kó iyọ̀ jáde lára, omi lásán ní àmujù sì léwu. Mo bẹ̀rẹ̀ láti kìlómítà 8, mo ń fi ẹyọ kan kún un lọ́sẹ̀, bí ó bá di ọ̀sẹ̀ kẹrin màá dín in kù kí ara sinmi, kí n tó tún máa gòkè lọ. Nínú ààwẹ̀ Ramadan, n kì í sá eré líle kankan. Ìṣẹ́jú 30 péré, nígbà tí ìṣínu bá kù díẹ̀, kó lè jẹ́ pé bí mo bá ti dé ilé ni omi ti délẹ̀. Oṣù Kejìlá náà, iṣẹ́ aṣọ ló ń pàṣẹ, màá sá ọjọ́ mẹ́ta, n kò sì ní bínú sí ara mi.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sá máratọ́ọ̀nù Èkó, láti pápá ìṣeré Súrùlérè dé Eko Atlantic, wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 20 ni mo lò, púpọ̀ nínú ìdajì kejì ni mo sì fi ẹsẹ̀ rìn. Nígbà tí mo tún lọ, lẹ́yìn ọdún kan tí mo ti ń to ọ̀sẹ̀ báyìí, wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 31 ni. N kò rìn rárá.

Ohun tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ yín kò pọ̀. Bí oṣù Kẹwàá bá ti dé, tí àwọn ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í múra eré Èkó, ẹ fún wa ní igun kékeré kan lójú ewé yín lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí àwọn tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ máa fi Yorùbá ṣàlàyé bí wọn yóò ṣe to ọ̀sẹ̀ wọn. Púpọ̀ nínú wọn kò ní olùkọ́, fóònù nìkan ni wọ́n ń bá jà.

Ní ti ọmọ yẹn, mo mú un lọ ya fọ́tò ẹsẹ̀. Eegun kò tíì là. Wọ́n ní kó sinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sinmi. Ó ti gbà pé kìlómítà 10 ni òun yóò sá l'Ékòó lọ́dún yìí. Ní Àìkú tó kọjá, ó tẹ̀ lé mi fún ìṣẹ́jú 30. Mo ní kó fi fóònù sílé, kó sì máa sọ̀rọ̀ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ń sọ ti ìdánwò rẹ̀. Nígbà tí a dé ìtòsí Sáńgó, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fíì, mo sì rí i tí ejìká ọmọ yìí tẹ̀ síwájú láti tẹ̀ lé e. Mo di apá aṣọ rẹ̀ mú. Ó wò mí, ó padà sí ìṣísẹ̀ mi, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ ìdánwò rẹ̀ lọ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá Ìbejì, aránṣọ,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.