Ẹ̀sùn Lórí RAM Tó Bàjẹ́ Tí Ẹ Ní Kò Ní Àbùkù

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Wáráńtì,

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà.

RAM DDR4 (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) ẹyọ méjì tí mo rà lọ́dọ̀ yín, 16 GB lọ́kọ̀ọ̀kan, 3200 MHz, ni mo kó wá fún yín pé ọ̀kan nínú wọn ti bàjẹ́. Ẹ kó o padà fún mi pẹ̀lú ìwé pélébé kan: “Ó tàn, Windows wọlé, kò ní àbùkù.” Ìwé yìí gan-an ni ẹ̀sùn mi. Pé kọ̀ǹpútà tàn kò fi hàn pé ara RAM dá ṣáká. Bíìtì, àyè tó kéré jù tí RAM ń kó nǹkan sí, tó wà nínú 16 GB lé ní bílíọ̀nù 137. Ẹyọ kan péré lè kú níbẹ̀, tí Windows á sì wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìgbà tí iṣẹ́ bá pọ̀, tí RAM bẹ̀rẹ̀ sí í kún, ni nǹkan máa bọ́ sórí ibi tó kú yẹn.

Nígbà náà ni ojú kọ̀ǹpútà á di búlúù lójijì. Lónìí á kọ MEMORY_MANAGEMENT, lọ́la á kọ IRQL_NOT_LESS_OR_EQUAL. Fáìlì zip ńlá á kọ̀, á ní CRC, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń yẹ fáìlì wò, kò bára mu. Ẹ tún un tú, á tú. Èyí tó burú jù kì í pariwo rárá: ohun tí RAM bá gbé fún díìsìkì ni díìsìkì máa kọ sílẹ̀, nítorí náà fáìlì tí ẹ rò pé ẹ ti tọ́jú pamọ́ lè ti bàjẹ́ láìsí ìkìlọ̀ kankan.

Kí ẹ má baà ní báọ́dì kọ̀ǹpútà ló fà á, tàbí iná, ẹ wo bí mo ṣe dán an wò. Mo pa XMP, ètò tó ń mú RAM sáré dé 3200, nínú BIOS, ibi tí a ti ń ṣètò kọ̀ǹpútà kí Windows tó wọlé, RAM padà sí 2133 MHz àti fóltì 1.2 dípò 1.35. Bó bá jẹ́ pé eré 3200 ló ju agbára prósẹ́sọ̀ lọ, àṣìṣe ìbá ti dáwọ́ dúró. Kò dáwọ́ dúró. Mo wá fi MemTest86, ètò tó ń dán RAM wò, sórí fláàṣì, mo sì fi RAM kan ṣoṣo sí ihò A2, ihò kejì láti ẹ̀gbẹ́ prósẹ́sọ̀. RAM kìíní parí ìyípo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìsí àṣìṣe. Èkejì ṣe àṣìṣe ní ìdánwò 7, ní àdírẹ́sì kan náà, ìyẹn ojú ibì kan náà nínú RAM, ní gbogbo ìyípo. Mo gbé e lọ sí ihò B2, àṣìṣe bá a lọ. Mo pààrọ̀ power supply, mo sì gba iná láti ara UPS, ibì kan náà ni. Àṣìṣe tí iná bá fà kì í lẹ̀ mọ́ àdírẹ́sì kan báyìí.

Ohun tí mo fẹ́: ẹ fi MemTest86 dán RAM náà wò lóun nìkan, kó parí ìyípo mẹ́rin. Ó ń gba wákàtí púpọ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ kò tó. Lẹ́yìn náà, ẹ pààrọ̀ méjèèjì pa pọ̀. Ẹ má fún mi ní ẹyọ kan, torí orúkọ kan náà lè wà lára RAM méjì tí ṣíìpù inú wọn yàtọ̀, XMP kò sì dájú lórí irú àpapọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí méjì tó bára mu kò bá sí, ẹ dá owó mi padà. Èyí tó bàjẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún gbé e sórí àtẹ fún ẹlòmíràn.

Fọ́tò èsì MemTest86 níhò méjèèjì, rìsíìtì àti nọ́ńbà ara RAM náà wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Èmi ni,
Oníbàárà yín