"Ta tẹ́tẹ́ níwọ̀ntúnwọ̀nsì" nìkan ò tó o

Ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o,

Ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ orí fóònù yìí ló gbé mi wá. Inú ìpolówó wọn lẹ ti máa ń gbọ́ "ta tẹ́tẹ́ níwọ̀ntúnwọ̀nsì", ó sì dùn-ún gbọ́ létí, àmọ́ ẹ wò ó dáadáa, ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ nìkan ni wọ́n di gbogbo ẹrù lé lórí, bíi pé téèyàn bá ti lè kó ara ẹ̀ níjàánu wàhálà ti tán nìyẹn. Ẹni tó ti pàdánù lóru tó wá ń lé owó ẹ̀, tójú ẹ̀ ti pọ́n koko, ìjánu wo ló kù? Témi ni pé ìgbà tórí ṣì tutù lèèyàn gbọ́dọ̀ ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́ ara ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ìṣirò ẹ̀ ná. Kẹ̀kẹ́ roulette, èyí tí wọ́n máa ń yí tí bọ́ọ̀lù kékeré á sì bọ́ sórí nọ́ńbà kan, tó bá jẹ́ èyí tó ní òdo kan, nọ́ńbà 37 ló wà lára ẹ̀. Tó o bá fi owó ẹyọ kọ̀ọ̀kan sórí gbogbo nọ́ńbà 37 pátá, o gbọ́dọ̀ jẹ ni, kò séyìí tó lè bọ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́, síbẹ̀ 36 ni wọ́n á kó fún ẹ, èrè 35 pẹ̀lú ẹyọ kan tó o fi lé e. Ọ̀kan ti wọ àpò wọn. Kò sí màgòmágó kankan níbẹ̀ o, bí wọ́n ṣe ṣètò ẹ̀ nìyẹn. Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù náà bẹ́ẹ̀, inú ọ́ọ̀dù tí wọ́n gbé jáde, ìyẹn iye tí wọ́n á fi ṣírò owó tó o máa gbà tó o bá jẹ, ni wọ́n ti yọ tiwọn kí eré tó bẹ̀rẹ̀, tó o bá sì to eré mẹ́wàá sórí tíkẹ́ẹ̀tì kan, èyí tí wọ́n yọ lórí ìkọ̀ọ̀kan á máa gorí ara wọn. (Àwọn tó ń ta "sure odds" fáwọn èèyàn, tó bá dájú tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọn ò fi owó ara wọn ta á?) Tó bá wá ku eré kan ṣoṣo kí tíkẹ́ẹ̀tì wọlé tó fi já, a á ní "eré kan péré ló gé mi!", bíi pé a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ, bẹ́ẹ̀ owó ti lọ gan-an bó ṣe máa lọ téèyàn bá pàdánù mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ọwọ́ á tún wá máa yúnni láti ta òmíì.

Ohun tó máa ń bí mi nínú jù ni tàwọn áàpù tó jẹ́ pé tó o bá ní kí wọ́n san owó tó o jẹ fún ẹ, wọ́n á gbé e dúró fún wákàtí bíi mélòó kan, bọ́tìnì tó o fi lè fagi lé e á wà níbẹ̀ tó ń wò ẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀, èèyàn á fagi lé e, á tún fi owó yẹn ta òmíì.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kéèyàn ti ilẹ̀kùn mọ́ ara ẹ̀. Ọ̀pọ̀ áàpù ló ní ibi tó o ti lè fi òdiwọ̀n sí iye owó tó o lè kó sínú ẹ̀ lọ́sẹ̀ tàbí lóṣù, wọ́n kàn máa ń fi pamọ́ sínú sẹ́tínǹgì ni, ẹ wá a kàn. Ẹni tọ́rọ̀ ẹ̀ ti kọjá òdiwọ̀n, kó ní kí wọ́n ti akáǹtì òun pa. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó o bá forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lórí GAMSTOP, gbogbo iléeṣẹ́ tẹ́tẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ní láísẹ́ǹsì níbẹ̀ ló máa tì ẹ́ síta, ó kéré tán fún oṣù mẹ́fà, wọ́n sì ti fòfin de fífi kírẹ́díìtì káàdì ta tẹ́tẹ́ níbẹ̀ láti oṣù kẹrin 2020. Níbi tí kò bá sírú ẹ̀, BetBlocker wà, áàpù tó ń dínà mọ́ àwọn ìkànnì tẹ́tẹ́, ọ̀fẹ́ ni, orí fóònù lèèyàn ń gbé e sí. Àwọn báńkì kan náà máa ń bá èèyàn ti owó tẹ́tẹ́ pa, ẹ bi tiyín.

Ẹ̀yin ará ilé ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́, mo mọ̀ pé ó ti sú yín. Àmọ́ ẹ̀gàn ò lè wo àìsàn, àìsàn sì ni kéèyàn má lè jáwọ́ nínú tẹ́tẹ́ o, láti 2013 làwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti kó o pọ̀ mọ́ ọtí àti oògùn olóró nínú ìwé tí wọ́n fi ń mọ àìsàn. Ẹ má kàn sáré san gbèsè ẹ̀ kẹ́ ẹ sì gbà pé ó tán, torí tó bá ti rí i pé ẹnì kan ti bá òun nu ún kúrò, ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa padà síbẹ̀. Ẹ jókòó tì í, ẹ jọ kọ gbogbo gbèsè sílẹ̀, kó gbé káàdì àti páásíwọ́ọ̀dù fún ẹni tó fọkàn tán, kó wá lọ rí dókítà tàbí kánsẹ́lọ̀. Gamblers Anonymous náà wà, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti jáwọ́ nínú tẹ́tẹ́, 1957 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní Los Angeles, wọn kì í gbowó, wọ́n ń ṣèpàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó ṣáà ti fẹ́ jáwọ́ ni. Gam-Anon wà fún ẹ̀yin ẹbí tiyín. Tó bá wá ń sọ̀rọ̀ pé ikú ló kù fóun, ẹ má pè é láwàdà, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì fi òun nìkan sílẹ̀.

Tó bá tún ṣubú lẹ́yìn ìgbà yẹn ńkọ́? Ó máa ń ṣẹlẹ̀ dáadáa. Ẹ má dá káàdì padà fún un, ẹ bi í ibi tó gbà wọlé, kẹ́ ẹ ti ibẹ̀ náà pa.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín kan