Lẹ́tà sí Bàbá mi nípa ohun tí wọ́n gbọ́ lórí fóònù

Detroit, Michigan
Ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo kí yín, mo kí Màmá, mo kí gbogbo ilé. Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ, òtútù sì ti ń fà sẹ́yìn. Mo mọ̀ pé ẹ ó máa rò ó pé kí ló dé tí Àkànní fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni mi ò rí sọ lórí fóònù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè yín torí ẹ̀, tí mo kàn béèrè ẹsẹ̀ Màmá, tí mo tún gbé fóònù sílẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ sítáàtì ẹ́ńjìnnì Chevelle yẹn, ọkọ̀ àtijọ́ tí mo ń tún ṣe, tí mo gbé fóònù sún mọ́ ọn kí ẹ lè gbọ́ ọ, ẹ bi mí pé, "Kí ló ń lù yẹn?" Mo ní gásíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀sọ́ọ̀sì ni kò tíì jókòó. Ẹ dákẹ́ díẹ̀, ẹ ní, "Ó dáa." Bàbá, kì í ṣe gásíkẹ́ẹ̀tì. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni mo ti mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń fi etí mọ àìsàn ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó bí mi, kò yẹ kí n parọ́ ẹ́ńjìnnì fún yín.

Màmá ti bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ọkọ̀ tó jù mí lọ lọ́jọ́ orí ṣe. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ìlú tí irú ọkọ̀ yìí ti jáde wá ni mo ń gbé. Ní ọdún 1964, General Motors ní òfin abẹ́lé kan: ọkọ̀ alábọ́ọ́dé kò gbọdọ̀ gbé ẹ́ńjìnnì tó ju 330 ínṣì kúbíìkì lọ. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Pontiac, ẹ̀ka General Motors kan, tí John DeLorean wà láàárín wọn, gba ẹ̀yìn òfin náà kọjá. Wọ́n kọ ẹ́ńjìnnì 389 sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí àfikún tí ẹni tó ń ra Tempest, ọkọ̀ alábọ́ọ́dé wọn, lè béèrè fún, wọ́n sọ ọ́ ní GTO. Láti ìgbà náà ni olúkúlùkù ti ń ki ẹ́ńjìnnì ńlá bọ inú ọkọ̀ tí kò tóbi, títí òfin èéfín, owó ìbánigbófò àti ọ̀wọ́n epo ọdún 1973 fi fún un lọ́rùn. Lójú ọ̀nà Woodward tí mo ń gbà lọ síbi iṣẹ́ làwọn ọ̀dọ́ ìgbà yẹn ti máa ń fi wọ́n sáré lóru. Láti 1995 ni àwọn tó fẹ́ràn wọn ti ń kó wọn jáde síbẹ̀ lọ́dọọdún, ní Sátidé kẹta oṣù kẹjọ. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ dúró lẹ́bàá ọ̀nà náà tí mo gbọ́ ohùn wọn, ẹ̀yin ni mo rántí.

Chevelle Malibu 1969 tí Chevrolet ṣe ni tèmi. Ẹni tó tà á fún mi ní SS ni, èyí tó lágbára jù. Àmì SS wà lára rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni kò lè de àmì mọ́ ọkọ̀? Nọ́mbà ara ọkọ̀ ìgbà yẹn jẹ́ òǹkà àti lẹ́tà mẹ́tàlá, kì í ṣe mẹ́tàdínlógún bíi ti ìsinsìnyí. 136 tó bẹ̀rẹ̀ tèmi ń sọ pé Malibu onísìlíńdà mẹ́jọ ni, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, mo rí i pé kì í ṣe SS rárá. Inú mi sì dùn. Ká ní SS tòótọ́ ni, ọkàn mi kò ní gbà kí n yí ohunkóhun padà lára rẹ̀. Malibu lásán, mo lè tún un dá bí mo ṣe fẹ́: mo fi bíréèkì onídíìsìkì síwájú dípò onídúrọ́ọ̀mù, mo sì fi gíà tó ní overdrive, tó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa rọra yí lórí eré, sí i kó má baà máa pariwo lójú títì márosẹ̀.

Ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ fojú mi rí nǹkan. Iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì níbí lásìkò òtútù kí yìnyín lè yọ́ (ibi tí wọ́n ti ń wa iyọ̀ tiẹ̀ wà nísàlẹ̀ ìlú Detroit gan-an), iyọ̀ yẹn sì ń jẹ irin bí ikán ṣe ń jẹ igi. Mo fi ìka tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ náà, ìka mi yọ sí òdìkejì. Mo gé ilẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, mo gé ẹ̀yìn táyà ẹ̀yìn, mo jó páànù tuntun sí i. Àkọ́kọ́ tí mo jó, ńṣe ni mo fa iná náà gbọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ooru sì ká a jọ bí ewé gbígbẹ. Bàbá arúgbó kan ládùúgbò, páńẹ́bítà tó ti fẹ̀yìn tì, ló kọ́ mi: fi iná tọ́ ọ níbí, lọ tọ́ ọ lọ́hùn-ún, jẹ́ kó tutù, kí o tó padà wá. Òun náà ló gba agolo omi tí wọ́n fi ń fọ bíréèkì lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tí mo fẹ́ fi nu irin kí n tó jó o. Èyí tó ní chlorine nínú, bí iná wẹ́díìnì bá bá a, èéfín phosgene ló ń dà, ó sì lè pa èèyàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún àwọn ọmọṣẹ́ yín.

Ẹ́ńjìnnì wá ni ọ̀rọ̀. 307 tó bá ọkọ̀ náà wá ti lọ kí n tó rà á. Mo rí bulọ́ọ̀kù 350 kan, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ìdílé tí Chevrolet ti ń ṣe láti 1955. Mo gbé e lọ fún àwọn tó ń lọ sìlíńdà, wọ́n fi ọgbọ̀n nínú ẹgbẹ̀rún ínṣì fẹ̀ ẹ́. Mo wọn àyè ọ́ìlì lára bẹ́ríìnì kọ̀ọ̀kan, mo ń kọ ọ́ sínú ìwé. Bóòtì tọ́ọ̀pù sìlíńdà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yí wọn ká, láti àárín lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, títí ìfúnpọ̀ wọn fi dé 65 fúùtì-pọ́ùn. Títí dé ibẹ̀, mo ṣe é bí ẹni pé ẹ dúró tì mí.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sítáàtì rẹ̀, aago mẹ́ta ọ̀sán ti lù níbí, mẹ́sàn-án alẹ́ lọ́dọ̀ yín. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ kí ẹ tó sùn. Ìkánjú yẹn ló bà á jẹ́. Mo ti gbé disitribútọ̀ tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì sí i lódìlódì: sìlíńdà kìíní wà lókè lóòótọ́, ṣùgbọ́n èéfín ló ń tì jáde, kì í ṣe pé ó ń fún epo pọ̀. Mo ń tẹ sítátà, mo ń tẹ̀ ẹ́, kò dáhùn. Nígbà tí mo yí disitribútọ̀ padà, ó gbà, mo sì jẹ́ kó máa rọra ṣiṣẹ́ nílẹ̀ kí n lè wo ibi tí omi ti ń jò.

Kámúṣáfùtì irú ẹ́ńjìnnì yìí, ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù, kò ní róólà. Tàpẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ ló ń gun orí rẹ̀, irin lórí irin, ọ́ìlì tí kíráńkì ń fọ́n sókè ló sì ń dá ẹ̀mí wọn sí. Bí kíráńkì kò bá yára, ọ́ìlì kì í dé ọ̀dọ̀ wọn tó. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ó bá ti gbà báyìí, a gbọ́dọ̀ mú un lọ sí ẹgbẹ̀rún méjì yíyí ní ìṣẹ́jú kan, ká sì mú un dúró síbẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán, pẹ̀lú ọ́ìlì tí zinc rẹ̀ pọ̀. Mo ti kà á. Sítátà tí mo tẹ̀ tẹ̀ tẹ̀ yẹn ti nu gírísì orí kámúṣáfùtì náà kúrò, ọ́ìlì òde òní tí zinc rẹ̀ kò tó ni mo sì rọ sí i. Ohun tí ẹ gbọ́ tó ń lù ni irin tó ń jẹ irin.

Nígbà tí mo ṣí i, rọ́kà kan, apá tó ń tẹ fáàfù, kò fi bẹ́ẹ̀ gbéra mọ́. Mo gé fílítà ọ́ìlì sí méjì, mo tẹ́ bébà inú rẹ̀ sábẹ́ iná: irin wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ ń dán yinrin-yinrin bí ìpẹ́ ẹja. Irin wẹ́wẹ́ yẹn ti ha bẹ́ríìnì tí mo fi alẹ́ mẹ́rin wọ̀n pátápátá. Mo jókòó sílẹ̀ gáráàjì, omi sì bọ́ lójú mi.

Ẹ rántí pé ẹ máa ń lé mi kúrò lábẹ́ ọkọ̀, ẹ ó ní kí n lọ kàwé. Mo kà á, òun ló gbé mi dé ibí, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n mo jowú àwọn ọmọṣẹ́ yín nígbà náà, Bàbá, n kò sọ fún yín rí. Mo jowú pé wọ́n gbọ́ ohun tí ẹ ń gbọ́. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, ohùn náà wà létí mi gan-an, ẹ̀yin lẹ wà lókèèrè, ẹ̀yin lẹ sì gbọ́ ọ.

Mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Mo fọ ojú ọ̀nà ọ́ìlì kọ̀ọ̀kan, mo fi bẹ́ríìnì, kámúṣáfùtì àti tàpẹ́ẹ̀tì tuntun sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, kí n tó ki disitribútọ̀ bọ̀ ọ́, mo fi dírílì yí pọ́ǹpù ọ́ìlì títí mo fi rí i tó ń yọ lẹ́nu gbogbo rọ́kà mẹ́rìndínlógún. Ó gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo dì í mú fún ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n, n kò pe ẹnikẹ́ni. Fílítà tí mo gé lẹ́yìn náà mọ́ tónítóní.

Mo ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, mo sì ti fi ránṣẹ́ sórí fóònù Bọ́lá. Ẹ ní kó fi yíàpíìsì tó fi ń gbọ́ orin sí yín létí, kó má jẹ́ èyí tó ń pariwo síta. Apá kìíní ni ìgbà tó tutù, apá kejì ìgbà tó ti gbóná. Ní apá kejì yẹn, ó máa ń rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kó tó tún gbéra. Kábúrétọ̀ ni mo fura sí, n kò sì tíì fọwọ́ kan sukúrúù rẹ̀. Ẹ bá mi gbọ́ ọ kí ẹ sọ bóyá kí n tú u tàbí kí n dè é. Bí nǹkan mìíràn bá sì wà níbẹ̀ tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ má wulẹ̀ ní "Ó dáa" fún mi mọ́.

Mo ń retí yín.

Ọmọ yín,
Àkànní