Ẹ bá wa kọ nípa Pilates sójú ewé ìlera yín

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mò ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ̀ ń kọ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà, ó dáa gan-an, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ ẹ rántí àwa tí ẹ̀yìn ń dùn. Àwa télọ̀, àwọn dẹ́rẹ́bà, àwọn tó ń jókòó ti kọ̀ǹpútà látàárọ̀ dalẹ́, a pọ̀ o! Tẹ́yìn bá ti ń ro èèyàn, jẹ̀díjẹ̀dí ni wọ́n á ní ó jẹ́, wọ́n á ní kó lọ mu agbo jẹ̀dí, ẹlòmíì á máa gbé oògùn ìrora mì lálaalẹ́, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ àwọn iṣan ikùn àti ìbàdí tó yẹ kó gbé ẹ̀yìn ró ni ò lágbára mọ́.

Iṣan wọ̀nyẹn gan-an ni Pilates, ìyẹn eré ìdárayá kan tí wọ́n ń fara balẹ̀ ṣe pẹ̀lú èémí, ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Àwọn kan á ní tàwọn olówó Lekki nìyẹn, torí fídíò tí wọ́n ń rí lórí Instagram, tí wọ́n ń lo ẹ̀rọ onísípíríǹgì tó rí bíi bẹ́ẹ̀dì. Rárá o. Joseph Pilates tó dá a sílẹ̀, ọmọ Jámánì tí wọ́n bí ní 1883, ara ẹ̀ ò le ní kékeré, ikọ́ fée ń yọ ọ́ lẹ́nu, eegun ẹ̀ náà ò lágbára. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó o mọ́ àwọn ọmọ Jámánì yòókù sí àgọ́ Knockaloe ní Isle of Man, erékùṣù kan nítòsí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, inú àhámọ́ yẹn ló ti ń kọ́ àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀. Ìgbà tó yá tó dé New York làwọn oníjó tó fara pa bẹ̀rẹ̀ sí í wá a lọ.

Ẹní nìkan tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo èyí tí wọ́n ń pè ní Hundred: wàá fẹ̀yìn lélẹ̀, wàá gbé orí àti ẹsẹ̀ sókè díẹ̀ (ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lè ká orúnkún), wàá máa ju apá sókè sódò, wàá fa èémí sínú ka márùn-ún, wàá mí síta ka márùn-ún, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó di ọgọ́rùn-ún. Ó dà bí nǹkan kékeré lójú àmọ́ inú ikùn á gbọ̀n!

Ti ọkàn ni mo tiẹ̀ fẹ́ràn jù. Torí pé èémí lò ń kà, tó o sì ń ṣọ́ ibi tí ìbàdí àti èjìká wà, kò sáyè láti máa ronú gbèsè tàbí aṣọ Iléyá tí kọ́sítọ́mà ń pariwo lé lórí, tí mo bá fi máa dìde ọkàn mi á ti rọlẹ̀, oorun alẹ́ ọjọ́ yẹn á sì dùn.

Kì í ṣe oògùn gbogbo nǹkan o. Àwọn onímọ̀ rí i pé ó ń dín ẹ̀yìn dídùn kù, àmọ́ wọn ò tíì fẹnu kò pé ó ju àwọn eré ìdárayá yòókù lọ. Ẹni tí ìrora ń sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ń kú tipiri, ọsibítù ni kó kọ́kọ́ lọ, aboyún náà gbọ́dọ̀ bi dókítà ẹ̀.

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún ò ju pé kẹ́ ẹ wá fisiótẹ́rápíìsì kan (onímọ̀ ìlera tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara) tó máa kọ ọ́ ní Yorùbá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, eré kan lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú fọ́tò, kí wọ́n sì ya àwọn ìyá àti bàbá tiwa lórí ẹní nínú ilé, torí òyìnbó ni wọ́n fi ń ṣàlàyé ọ̀pọ̀ èyí tó wà lórí YouTube, àwọn tó nílò ẹ̀ jù ò sì gbọ́ ọ.

Èmi ni tiyín,
Télọ̀ kan, Ìbàdàn