Sí ẹ̀yin òbí tó ń ronú lórí kámẹ́rà ní ilé ìtọ́jú ọmọ

Ẹ̀yin ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ọmọbìnrin mi wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kíréèṣì tí ọmọ rẹ̀ ń lọ ní Bódìjà ti pe àwọn òbí sípàdé, kí wọ́n lè jọ pinnu bóyá kí wọ́n fi kámẹ́rà sínú ilé náà, irú èyí tí òbí yóò fi máa wo ọmọ rẹ̀ lórí fóònù láti ibi iṣẹ́. Nígbà tí mo rí i pé òun nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ń kó ìrònú bá n'Ìbàdàn, mo ní kí n kúkú kọ ọ́ sí gbogbo yín.

Ẹ̀rù tó ń bà yín tọ́. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún aboyún ní ọ̀sẹ̀ 6 kó tó bímọ àti ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn ìbímọ. Obìnrin tó ń tajà fúnra rẹ̀ ní Gbági tàbí Dùgbẹ̀ kò tilẹ̀ ní ẹni tí yóò fún un ní ọjọ́ kan. Bí ẹ bá wá gbé ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ lé àjèjì lọ́wọ́, ta ni yóò ròyìn fún yín? Mo ti wà nípò yín rí. Nígbà tí àkọ́bí mi wà ní oṣù 5, mo tètè kúrò níbi iṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo sì bá a ní igun yàrá, ó ti tọ̀ rin gbingbin, wọ́n fi aṣọ gbé ìgò wàrà dúró sí i lẹ́nu, kò sì sí ẹnikẹ́ni nítòsí. Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo mọ̀ pé wàrà lè ṣìnà wọ inú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ láìsí ariwo kankan. Nítorí náà ẹ kò ní gbọ́ lẹ́nu mi pé kámẹ́rà kò wúlò. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni kí gbogbo òbí máa wò ó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Àwọn àgbà ní ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í bá a wò ó. Wíwò tí wọ́n ń sọ ni kí a wẹ ọmọ, kí a bọ́ ọ, kí a pọ̀n ọ́n nígbà tó bá ń sunkún. Fóònù kò lè ṣe ọ̀kankan nínú rẹ̀. Ní kíréèṣì tí ọmọ-ọmọ mi ti kọ́kọ́ lọ, wọ́n ní irú kámẹ́rà yìí. Lọ́jọ́ kan ọmọ mi rí i pé ọmọ ń ké, àǹtí sì kẹ̀yìn sí i nítorí ó ń bọ́ ọmọ mìíràn lọ́wọ́. Ọmọ mi fi oníbàárà sílẹ̀, ó wọkọ̀, ó há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìwó Road, nígbà tó sì máa débẹ̀, ọmọ ti jẹun, ó ti sùn. Láti ọjọ́ náà ni àǹtí yẹn ti ń wo kámẹ́rà ju bó ṣe ń wo ọmọ lọ. Ó dùn mí, nítorí ọ̀dọ́mọbìnrin tó mọ ọmọ gbé ni.

Ẹ tún rántí pé ọmọ yín nìkan kọ́ ló wà nínú àwòrán náà. Bí ìyá kan bá ń wo tirẹ̀, ó ń wo ọmọ ọmọ mi náà, bóyá níbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ páńpásì fún un, èmi kò sì mọ ẹni tó jókòó tì í tàbí ẹni tó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, ní abala 8, fún ọmọdé ní ẹ̀tọ́ sí ìpamọ́ àṣírí rẹ̀. Òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ará ìlú, ti ọdún 2023, sì ka ìyọ̀ǹda òbí sí pàtàkì níbi ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ní ọdún 2016, àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì gba àkóso ọ̀kẹ́ àìmọye kámẹ́rà àti irinṣẹ́ mìíràn káàkiri ayé, nítorí pé àwọn tó rà wọ́n kò yí ọ̀rọ̀ aṣínà tó bá wọn wá láti iléeṣẹ́ padà. N kò tíì sọ ti iná tó ń lọ tó ń bọ̀, tàbí ti dátà.

Èrò mi ni pé kí kámẹ́rà wà ní ẹnu ọ̀nà àti ní yàrá tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré, kó má sí níbi tí wọ́n ti ń wẹ̀ wọ́n, kí wọ́n sì ti sọ fún àwọn àǹtí kí wọ́n tó gbà wọ́n síṣẹ́. Kí àwòrán rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ilé fún ọjọ́ 30, lẹ́yìn náà kí ó pa á rẹ́. Bí ọmọ bá fi ọgbẹ́ wálé, kí òbí rẹ̀ àti màdámú jókòó, kí wọ́n jọ wo ọjọ́ náà. Kí ìlẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀ fún òbí tó bá yà wọlé láìròtẹ́lẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ mi ló gba àkọ́bí mi sílẹ̀. Owó oṣooṣù tí wọ́n fẹ́ kí ẹ máa san fún fóònù wíwò, ẹ dábàá pé kí wọ́n fi gba àǹtí kan kún àwọn tó wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni ìpàdé ọmọ mi. Mo ti sọ fún un pé màá bá a lọ, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí màá sì bi màdámú ni iye ọmọ ọwọ́ tó wà lọ́wọ́ àǹtí kọ̀ọ̀kan.

Èmi ni ìyá yín tòótọ́,
Ìyá Àgbà, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.