Ẹ tú àjà ilé onírin wò kí ẹ tó buwọ́ lùwé

Sí Olóòtú,

Inú ló bí mi tí mo fi kọ̀wé yìí. Ilẹ̀ mì lọ́sẹ̀ tó kọjá, ilé gogoro onírin tí a ti ń ṣiṣẹ́ sì mì pẹ̀lú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n rán ẹnìkan wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ó wo gíláàsì fèrèsé, ó fọwọ́ gbá ògiri, ó buwọ́ lùwé, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò tiẹ̀ gbójú sókè wo àjà! Ó ní irin kì í ṣẹ́, ṣe ló máa ń tẹ̀.

Ohun tí àwọn ẹnjiníà ń sọ náà nìyẹn títí di ọjọ́ 17, oṣù kìíní, ọdún 1994, tí ilẹ̀ mì ní Northridge, ní Los Angeles. Àwọn ilé onírin dúró digbí, gbogbo ayé ń yìn wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú wọn, itọ́ funfun ni wọ́n ń tu. Ìgbà tí wọ́n tú àjà, tí wọ́n ha ohun tí wọ́n fi bo irin nítorí iná, ni wọ́n rí i pé ilé tó lé ní 100 ti sán ní oríkèé, níbi tí wọ́n ti jó irin ìdábùú mọ́ òpó. Lára àwọn kan, ó sán wọnú òpó. Ògiri ò sọ nǹkan kan. Ọdún kan géérégé lẹ́yìn náà, ó tún ṣẹlẹ̀ ní Kobe, ní Japan.

Mo ti jórin jẹun rí. Wáyà tí wọ́n fi ń jó o nígbà náà ò lè fara da ìmìtìtì òjijì, wọ́n sì máa ń fi pẹlẹbẹ irin tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ ojú ìjó sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀bá pẹlẹbẹ yẹn ni sísán ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí oríkèé bá sì ti já, àwọn tó kù ni yóò máa gbé ẹrù rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá tún mì.

Àwọn aláṣẹ wa ò fẹ́ gbọ́. Los Angeles alára ṣòfin lọ́dún 2015 pé kí wọ́n fún àwọn ògbólógbòó ilé onígi àti ti kọnkéré lókun nítorí ìmìtìtì ilẹ̀, ó fo irin. Santa Monica, ìlú tó múlé gbè é, fi irin kún tirẹ̀ lọ́dún 2017.

Ẹ tú àjà! Kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ mú oríkèé mélòó kan ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ẹ ha á, ẹ kọ́kọ́ wo abẹ́ irin ìdábùú torí ibẹ̀ ló máa ń sán jù, kí ẹ wá fi ẹ̀rọ tó ń fi ìró wo inú irin yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹyọ kan bá sán, ẹ tú púpọ̀ sí i. Kí onílé sanwó ẹ̀. Ní ti ilé tuntun, kí wọ́n máa gé ìdábùú tín-ín-rín díẹ̀ sẹ́yìn òpó, kó lè tẹ̀ níbẹ̀ dípò ojú ìjó.

Wọ́n ti lẹ ìwé tí ọkùnrin yẹn buwọ́ lù mọ́ ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó tíì tú àjà.

Òṣìṣẹ́ kan ní ìpele kọkànlá