Etí Gbémisọ́lá

Àdùkẹ́ ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo dúpẹ́ pé ara ọmọ le. Ọ̀rọ̀ àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ tí wọ́n ń pe Gbémisọ́lá ní "Bemisola", tí o ń tún un ṣe fún wọn títí ó fi sú ọ, ni kò kúrò lọ́kàn mi. O ní àbùkù ni wọ́n fi ń kàn yín. Jọ̀ọ́, má gbà á bẹ́ẹ̀. Etí wọn ni kò gbọ́ ọ.

Fọwọ́ kan ètè rẹ, kí o pe "gba" díẹ̀díẹ̀. Ètè méjèèjì pa dé. Lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀yìn ahọ́n ti lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu lọ́hùn-ún. Ìgbà tí méjèèjì bá jọ tú ni "gb" jáde. Ẹni tí kò bá ìró yìí dàgbà sábà máa ń gbọ́ ọ bíi "b" lásán, ohun tó gbọ́ náà ló sì ń pè.

A ò bí ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ o. Ní 1984, àwọn olùwádìí méjì, Janet Werker àti Richard Tees, mú ìró méjì inú èdè Hindi tí àgbàlagbà elédè Gẹ̀ẹ́sì ń gbọ́ bí ẹyọ kan, wọ́n fi dán àwọn ọmọ ọwọ́ ilé elédè Gẹ̀ẹ́sì wò. Àwọn ọmọ oṣù 6 sí 8 mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa di ọmọ oṣù 10 sí 12, ó ti pòórá létí ọ̀pọ̀ wọn. Gbémisọ́lá ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù 5, Àdùkẹ́! Ìsinsìnyí gan-an ni.

Má sì gbé e ti fóònù. Ní 2003, olùwádìí mìíràn, Patricia Kuhl, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí àwọn ọmọ oṣù 9 ní Amẹ́ríkà gbọ́ èdè Ṣáínà lẹ́ẹ̀mejìlá. Àwọn tí èèyàn jókòó tì, tó bá wọn ṣeré, di ìró rẹ̀ mú; àwọn tó wò ó lórí tẹlifíṣàn kò rí nǹkan kan mú níbẹ̀. Gbé e sẹ́sẹ̀, kó máa wo ẹnu rẹ. Ojú náà ń gbọ́ràn: mo ti wo fídíò kan rí tí ohùn inú rẹ̀ ń sọ "ba", tí ẹnu ń ṣe "ga". "Da" ni mo gbọ́. Mo dijú, ó di "ba". Mo lajú, "da" tún dé.

Ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ wí "gba-gba-gba", bá mi gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

Èmi ni tìrẹ,
Bísí